Oògùn ẹ̀jẹ̀ kò ràn mí títí mo fi yí àkókò rẹ̀ padà: fún ẹ̀yin tó ń sáré

Ó rẹ̀ mí ṣáá. Eré tí kò ni mí lára tẹ́lẹ̀ wá ń mú mi mí hẹlẹhẹlẹ. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé ferritin mi, tó ń sọ iye èròjà irin tí ara tọ́jú pamọ́, ti lọ sílẹ̀ gan-an.

Mo ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀, ìyẹn oògùn tó ní èròjà irin nínú, lójoojúmọ́, ferritin mi kò gbéra. Dókítà fi kún un, inú rírun ló dá sílẹ̀. Mo yọ tíì àti kọfí kúrò nídìí oúnjẹ. Ó sàn díẹ̀, kò tó.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń sáré, alẹ́ ni mo ń lo oògùn. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Eré líle máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ tú èròjà kan tó ń jẹ́ hepcidin jáde, òun ló sì ń ti ilẹ̀kùn tí irin ń gbà láti inú ìfun bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Nǹkan bíi wákàtí 3 sí 6 lẹ́yìn eré ló máa ń pọ̀ jù.

Mo wá gbé eré sí àárọ̀, nígbà tí hepcidin ṣì kéré, mo sì ń gbé oògùn mì pẹ̀lú fítámì C láàárín ìṣẹ́jú 30 tí mo bá sáré tán. Dókítà tún ní kí n máa fo ọjọ́ kan, torí oògùn náà fúnra rẹ̀ ń gbé hepcidin sókè di ọjọ́ kejì. Ferritin mi ti gòkè, èémí mi ti já gaara. Ọpẹ́ ni!

Ó lè má rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, pàápàá ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe àyẹ̀wò kí ẹ tó lo oògùn. Irin tó pọ̀ jù ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.