Dísìkì oògùn tuntun: ẹ wo nọ́ńbà ara ẹ̀ kẹ́ ẹ tó ka zone

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní láàbù n'Ílọrin, Ọ̀fà àti Ọmù-Àrán. Tí dókítà bá ní kẹ́ ẹ tẹ́ẹ̀sì kòkòrò sí ceftazidime-avibactam (oògùn apakòkòrò ceftazidime tí wọ́n fi avibactam kún, avibactam yìí ló ń dí enzyme tí kòkòrò fi ń ba oògùn jẹ́), ẹ má ṣe é bí ẹni ń ṣe ti cipro o.

Ẹ kọ́kọ́ gbé dísìkì (bébà kékeré roboto tí oògùn wà lára ẹ̀) jáde nínú fíríìjì, kẹ́ ẹ má tíì ṣí i, ẹ jẹ́ kí òtútù ara ẹ̀ lọ ná, torí nínú ooru wa yìí tẹ́ ẹ bá ṣí i báyẹn á làágùn, omi á bà á jẹ́. Ẹ po kòkòrò tó hù mọ́jú mọ́ saline (omi oníyọ̀) títí tó fi rú bíi McFarland 0.5 (túùbù tí wọ́n fi ń díwọ̀n bó ṣe rú tó), ẹ gbé túùbù méjèèjì síwájú páálí funfun tẹ́ ẹ fi bírò dúdú fàlà sí, kí ìlà yẹn hàn bákan náà. Kó tó pé ìṣẹ́jú 15 ẹ ki swab bọ̀ ọ́, ẹ fún un mọ́ ara túùbù, ẹ pa á sórí agar Mueller-Hinton (oúnjẹ kòkòrò tó dì nínú pléètì) lẹ́ẹ̀mẹta, kẹ́ ẹ máa yí pléètì. Agar gbọ́dọ̀ nípọn tó 4 mm, tó bá fẹ́lẹ́ zone (àyíká dísìkì tí kòkòrò ò ti hù) á fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ ó wá máa rò pé oògùn ká kòkòrò tí ò ká. Ẹ gbé dísìkì lé e, ẹ má ṣí i nípò mọ́, 35°C, wákàtí 16 sí 18.

Ibi tó ń dùn mí nìyí: àwọn àjọ méjì ló ń ṣe ìlànà tẹ́ẹ̀sì yìí, CLSI ti Amẹ́ríkà ń lo dísìkì 30/20 microgram (ceftazidime/avibactam), EUCAST ti Yúróòpù ń lo 10/4. Fún kòkòrò Klebsiella àtàwọn ẹbí ẹ̀, CLSI ní zone tó bá jẹ́ 21 mm sókè loògùn ká a, EUCAST ní 13. Ní láàbù kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, wọ́n lo 10/4, zone jẹ́ 17, wọ́n fi tébù CLSI kà á, wọ́n kọ resistant (pé oògùn ò ká a) fún ìyá àgbà kan, oògùn tó lè ràn án lọ́wọ́ ni wọ́n ń sá fún yẹn o!

Colistin, oògùn apakòkòrò mìíràn, ní tiẹ̀, ẹ má gbé dísìkì ẹ̀ lé agar rárá, ó wúwo, kì í rìn dáadáa, broth microdilution (kẹ́ ẹ po oògùn ní ìwọ̀n oríṣiríṣi mọ́ omi oúnjẹ kòkòrò) ni kẹ́ ẹ fi wò ó.

Ẹ̀yin tí iná ń lọ lórí fíríìjì yín, E. coli ATCC 25922 nìkan ò tó fún control (kòkòrò tá a ti mọ bó ṣe yẹ kí zone ẹ̀ rí, tá a fi ń yẹ dísìkì wò) o, kò ní enzyme tí avibactam ń dí, tí avibactam bá ti bàjẹ́ zone ẹ̀ á ṣì dáa. Ẹ fi Klebsiella ATCC 700603 kún un. Tí zone ẹ̀ ò bá bọ́ sí ibi tí tébù sọ, ẹ má fún ẹnikẹ́ni lésì lọ́jọ́ náà, ẹ ṣí dísìkì mìíràn kẹ́ ẹ tún un ṣe.