Bí ẹ ṣe lè mọ bí òtútù Òkè Kenya yóò ṣe tó

Ẹ̀yin tó ń lọ gun Òkè Kenya, ẹ má torí pé agbedeméjì ayé ló wà kẹ́ ẹ di aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ o. Ẹ wo bí ooru Nairobi ṣe tó lọ́jọ́ náà (ìlú ọ̀hún ga tó 1,700 mítà), kẹ́ ẹ yọ dígírì 6 fún 1,000 mítà kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá gùn. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń gòkè ló ń fẹ̀, bó sì ṣe ń fẹ̀ ló ń tutù. Point Lenana, ìyẹn ṣóńṣó kan lórí Òkè Kenya tó ga ní 4,985 mítà, lè fi nǹkan bí ogún dígírì tutù ju Nairobi lọ. Àmọ́ ìṣirò yìí kì í bá òru mu tójú ọ̀run bá mọ́ kedere: òtútù á ṣàn wọ àfonífojì, omi á dì. Ẹ dorí ike omi yín kodò. Òkè omi ló ń kọ́kọ́ dì, ẹnu ike ò ní dí.