Bí A Ṣe Ń Pe Ọ̀rẹ́ Wá Tọ́ Wáìnì Gúúsù Áfíríkà Wò Nílé

Ohun tó sábà máa ń ba irú àpèjẹ yìí jẹ́ ni pé kí kálukú gbé ìgò tó bá wù ú wá. Wáìnì mẹ́jọ tí kò bá ara wọn tan kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ohun tí ó ń tọ́ wò. Ẹ mú ilẹ̀ kan ṣoṣo, kí ẹ sì dúró lórí rẹ̀. Gúúsù Áfíríkà ni mo máa ń yàn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí pé wáìnì wọn rọrùn láti rí ní àwọn ilé ìtajà ńlá Èkó àti Ìbàdàn, ìtàn rẹ̀ sì ti pẹ́: ní ọjọ́ 2, oṣù Kejì, ọdún 1659 ni Jan van Riebeeck, olórí àwọn ará Netherlands tó tẹ̀dó sí Cape ní Gúúsù Áfíríkà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn fún wáìnì àkọ́kọ́ láti ara èso àjàrà ilẹ̀ Cape.

Ìgò mẹ́ta tó fún ènìyàn mẹ́jọ. Àkọ́kọ́ ni wáìnì funfun Chenin Blanc tí kò ládùn, èyí tí wọ́n tún ń pè ní Steen lọ́hùn-ún, tí ó sì jẹ́ àjàrà tí wọ́n gbìn jù lọ níbẹ̀. Èkejì ni Chenin Blanc tí ó ládùn díẹ̀. Ẹ̀kẹta ni Pinotage, wáìnì pupa tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà gan-an: ní ọdún 1925 ni Abraham Perold, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Stellenbosch, so àjàrà Pinot Noir pọ̀ mọ́ àjàrà Cinsault, tí wọ́n ń pè ní Hermitage níbẹ̀ nígbà náà, láti bí irú tuntun yìí. Ìgò kan gba sẹ̀ǹtílítà 75. Bí ẹ bá bu 5 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láti tọ́ wò, 35 yóò ṣẹ́ kù tí ẹ ó fi jẹun.

Àwọn ìwé òyìnbó a máa sọ pé kí á mu wáìnì pupa bó ṣe wà nínú yàrá, ṣùgbọ́n yàrá ilẹ̀ òtútù ni wọ́n ń sọ. Nínú ooru tiwa, ọtí inú Pinotage yóò máa ta síni nímú kí òórùn èso rẹ̀ tó jáde. Ẹ gbé e sínú fíríìjì fún bíi wákàtí kan sí wákàtí kan àbọ̀. Kí ti funfun ti wà níbẹ̀ láti òru, kí ẹ sì gbé e jáde ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ da yìnyín àti omi pọ̀ sínú bàkéèdì. Èyí tètè ń mú ìgò tutù ju yìnyín nìkan lọ.

Oúnjẹ ni ó gba ìrònú jù, nítorí ata. Ọtí a máa mú kí ata jóni sí i, ata náà a sì mú kí wáìnì pupa korò, kí ó fún ni lẹ́nu bíi kájú tí kò tíì pọ́n. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe irú àpèjẹ yìí, ọbẹ̀ ayamáṣe ni mo gbé síwájú Pinotage, kò sì sí ẹni tó lè sọ ohun tí ó mu. Láti ìgbà náà, àkàrà gbígbóná ni mo ń fi ti Chenin tí kò ládùn lẹ́yìn, torí kíkan rẹ̀ ń gé òróró kúrò lẹ́nu. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti ẹja ọlọ́bẹ̀ ata bá èyí tó ládùn díẹ̀ mu, nítorí adùn ń pẹ̀tù sí ata. Sùyà ni ti Pinotage, torí èéfín inú méjèèjì mọ ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ẹni tó ń sun ún pé kó pọ́n yájì sọ́tọ̀.

Ẹ fi bébà ìwé ìròyìn wé ìgò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ nọ́ńbà sí i lára, kí ẹ sì pèsè omi àti búrẹ́dì tí kò ní nǹkan kan lára láti fi fọ ẹnu. Kí wọ́n kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, kí wọ́n fi í sẹ́nu fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó gbé e mì. Ẹni tí yóò wakọ̀ kò gbọ́dọ̀ gbé e mì rárá: ẹ fún un ní kọ́ọ̀pù tí yóò máa tu ú sí. Kí zóbò tútù wà fún ẹni tí kì í mu ọtí.

Kí kálukú kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, nítorí bí ẹ̀gbọ́n inú àwùjọ bá ti kọ́kọ́ sọ tirẹ̀, àwọn yòókù yóò kàn máa kín in lẹ́yìn ni. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya orúkọ èso tí kò jẹ rí lò. Bí Chenin bá rán an létí agbálùmọ̀, ìyeyè tàbí ọ̀pẹ̀ òyìnbó, kí ó sọ bẹ́ẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ ni ẹ̀rí tí à ń wá.

Nígbà tí sùyà bá kù díẹ̀ nínú àwo ni kí ẹ tú bébà kúrò, kí wọ́n sì tún tọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò lẹ́yìn tí wọ́n ti mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ dé èyí tó bá ṣẹ́ kù padà, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì, kí ẹ sì mu ún tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta.