Bí A Ṣe Ń Mọ Ohun Tí "Tutù" Ń Sọ

Nígbà ọyẹ́, ọmọ àbúrò mi tí wọ́n bí sí London jáde láti balùwẹ̀, ó ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀. Ó lọ bá ìyá àgbà níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà, ó ní, "Màmá, mo tutù." Inú ìyá dùn. Wọ́n ní, "Mo mọ̀, ọkọ mi. O tutù bí àdàbà, bí bàbá rẹ náà ṣe rí nìyẹn." Ọmọ dúró síbẹ̀, ó ń wo aṣọ ìborùn tó wà léjìká wọn.

Ìyá ò ṣì í gbọ́. Ohun tí ọmọ sọ gan-an ni wọ́n dá lóhùn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa bí a ṣe ń tú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí, ọ̀nà tí mò ń gbà sì nìyí.

Kọ́kọ́ ya "òtútù" sọ́tọ̀. Lédè Yorùbá, òtútù ló ń mú èèyàn, bí ebi ṣe ń pa á tí oorun sì ń kùn ún. "Òtútù ń mú mi" ni kí ọmọ sọ kí wọ́n tó fún un láṣọ. Bó bá ní "mo tutù", ìwà rẹ̀ ló ń ròyìn.

Lẹ́yìn náà, wo àmì ohùn. "Omi tutù" ti parí ọ̀rọ̀: ẹni tó sọ ọ́ ti ròyìn omi náà fún ọ. "Omi tútù" ṣì ń dúró de ìyókù: ta ló mu ún, ta ló dà á nù? Lórí fóònù, níbi tí ọ̀pọ̀ wa kì í ti í fi àmì sí i, kà á dé òpin kó o tó pinnu.

Ibi tó dùn jù nínú iṣẹ́ yìí ni wíwá òdìkejì. Bi ara rẹ pé: bí kò bá tutù, kí ni ì bá jẹ́? Omi tútù, omi gbígbóná ni òdìkejì rẹ̀, iná àti ojú ọjọ́ ló ń ṣèyẹn. Bí o bá tún gbọ́ "nini" lẹ́yìn rẹ̀, má wádìí mọ́, ohun tí ọwọ́ kàn ni. Ṣùgbọ́n ewé tútù ńkọ́? Ewé gbígbẹ ni òdìkejì rẹ̀. Igi tútù náà bẹ́ẹ̀. Sá a sóòrùn títí yóò fi máa jó ọ lọ́wọ́, bí omi ara rẹ̀ kò bá tíì gbẹ, igi tútù ni, èéfín ni yóò sì fi ta ọ́ lójú nídìí ààrò. Ata tútù, àgbàdo tútù, aṣọ tó ṣì tutù lórí okùn, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ẹyin tútù tún yà síbòmíràn: èyí tí a kò tíì sè ni. Ẹ̀kọ tútù ni èyí tó ti dì nínú ewé, tí a ń jẹ. Ẹ̀kọ gbígbóná ni èyí tí a ń mu.

Bí o bá fẹ́ rí i kedere, lọ sọ́dọ̀ ìyá tó ń ta ọbẹ̀ lálẹ́. Ìkòkò wà lórí ẹyin iná, ọbẹ̀ ń hó kùtùkùtù, ooru rẹ̀ ń bo ojú wọn. Bi wọ́n pé, "Ẹja tútù ni àbí gbígbẹ?" Wọ́n á ní, "Tútù ni o!" Wọ́n á bù ú fún ọ, yóò sì bó ọ lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó máa pe ìyá náà ní òpùrọ́.

Tó bá kan èèyàn, wo ohun tí wọ́n so ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ìwà tútù àti ọkàn tútù, ìyìn ni. Ara ni kó o ṣọ́ra fún. Ìyá kan wà nídìí ọmọ tí ibà ń ṣe láti alẹ́, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ lọ, ó ní, "Ara rẹ̀ ti tutù," bàbá sì mí kanlẹ̀, ó ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Gbólóhùn yẹn kan náà, ní ẹnu ẹlòmíràn tó dorí kodò, ikú ni. Nítorí náà, ohùn àti ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni kó o fi tú u. Mọ bí èèyàn náà ṣe máa ń rí tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ tí kì í jókòó sójú kan, bí wọ́n bá bi í pé "Kí ló dé tó o tutù báyìí?", wọ́n ń bẹ̀rù pé ara rẹ̀ kò yá tàbí pé nǹkan ń dùn ún.

Ìlú tó tutù, àlàáfíà wà níbẹ̀. Ọjà tó tutù, ẹni tó ń tajà ń ráhùn.

Nínú àdúrà àti ètùtù, gbà pé ire ni, àfi bí o bá rí ẹ̀rí mìíràn. Omi ni wọ́n fi ń fọ ẹsẹ̀ ìyàwó kó tó wọlé ọkọ. Níbi ìkómọjáde, a máa ń ní a kì í bá omi ṣọ̀tá. Òkun kò pa èyí rẹ́: ní Cuba, àwọn ọlọ́rìṣà Lukumí, ìyẹn àwọn tó ń ṣe ẹ̀sìn òrìṣà tó ti ilẹ̀ Yorùbá dé ọ̀hún, ṣì ń da omi sílẹ̀, wọ́n ń wí pé "omi tuto, ona tuto", omi tútù, ọ̀nà tútù. Ètò tí wọ́n ń ṣe bí olórìṣà bá kú, "itutu" ni wọ́n ń pè é. Robert Farris Thompson, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa iṣẹ́ ọnà ní Yale, kọ̀wé ní 1973 nípa ìtutù gẹ́gẹ́ bí ìfarabalẹ̀ tó hàn nínú ọnà àti ijó wa. Inú mi dùn pé ẹnìkan kíyè sí i.

Tó o bá ń túmọ̀ èdè mìíràn, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Bíbélì Yorùbá, tó pé lódindi ní 1884, pe àwọn oníwà pẹ̀lẹ́ ní "ọlọ́kàn tútù" nínú Ìwé Mátíù, ó bá etí wa mu. Ìwé Mátíù kan náà tún ní ìfẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ yóò "di tútù", ìtutù tó burú nìyẹn, àwọn ọ̀rọ̀ tó yí i ká ló ń gbà á sílẹ̀ kó má baà dà bí ìyìn. Bí ọ̀rọ̀ tìrẹ kò bá ní irú àlàyé bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, má dán an wò. Obìnrin tí kì í fojúure wo ẹnikẹ́ni, kọ pé kò yá mọ́ èèyàn, tàbí pé ojú rẹ̀ le. Bí o bá kọ pé obìnrin náà tutù, òǹkàwé á rò pé ò ń yìn ín ni.