Ṣájà Bátìrì Kò Gbé Iná Sínú Omi Tí A Fi Ń Yọ Ìpáàrà

Ìbéèrè: Mo fẹ́ fi iná mànàmáná àti omi sódà ìfọṣọ yọ ìpáàrà kúrò lára àdá bàbá mi tó ti dógùn-ún. Ṣájà bátìrì ọkọ̀ tuntun ni mo lò, ṣùgbọ́n iná pupa ara rẹ̀ kàn ń ṣẹ́jú ni, omi kò sì hó rárá. Ṣé ṣájà náà ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Kò dájú pé ó bàjẹ́. Púpọ̀ nínú ṣájà òde òní ló máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá bátìrì wà lẹ́nu wáyà. Nígbà tó sì jẹ́ omi àti irin ló bá níbẹ̀, kò ní tú iná sílẹ̀. Ẹ so ó mọ́ bátìrì ọkọ̀ oní-12 fọ́ọ̀tì, kí ẹ wá ti orí bátìrì náà fa wáyà lọ sínú ike omi, kí fíúsì 10 áńpù sì wà lójú wáyà ọ̀hún, nítorí pé bí irin méjèèjì bá kan ara wọn, iná bátìrì lè yọ́ wáyà. Ní tèmi, ṣájà àtijọ́ onítiransifọ́má, èyí tó wúwo tó ní abẹ́rẹ́ áńpù lójú, ni mo fẹ́ràn jù, torí kì í wá bátìrì kó tó ṣiṣẹ́. Áńpù 2 sí 5 tó fún àdá. Bí abẹ́rẹ́ bá kọjá ibẹ̀, ẹ sún àwọn irin náà jìnnà síra.

Ìbéèrè: Ẹnu wo ni kí n so mọ́ àdá?

Ìdáhùn: Nẹ́gẹ́tíìfù ni. Àlòkù irin lásán ni kí ẹ so mọ́ pọ́sítíìfù, nítorí òun ni iná yóò jẹ. Bí ẹ bá gbé e sódì, àdá bàbá yín ni yóò jẹ. Ẹ má lo irin tí kì í dógùn-ún, torí ó máa ń tú oró sínú omi. Ẹ má sì fi iyọ̀ dípò sódà, èéfín olóró ló ń mú jáde. Bó bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ ó rí ìfófòó wẹ́wẹ́ tí yóò máa gun ojú àdá bí ìfófòó ẹmu. Afẹ́fẹ́ yẹn lè gbiná, nítorí náà ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ sì pa iná kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fa iná NEPA tààrà?

Ìdáhùn: Rárá o. Yóò pa yín, kò sì ní yọ ìpáàrà, nítorí pé iná náà ń lọ ó ń bọ̀ ni. DC, ìyẹn iná tó ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo lọ bíi ti bátìrì, nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ yìí.