£23 Tí Mo Ná sórí Ijó Húngárì Karùn-ún

£23 ni mo san fún ìwé orin tí kò wúlò fún mi. Títí di òní, ó ń dùn mí.

Ijó Húngárì Karùn-ún, orin Johannes Brahms, olórin ará Jámánì, ni mo fẹ́ fi fáólìn ta níbi ọjọ́ ìbí kan ní London, kí Àǹtí tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa sì máa gbè mí lẹ́yìn. Mo ti ní ti fáólìn tẹ́lẹ̀, ẹ̀dà kan tí ọ̀gá mi fún mi, tí òkè rẹ̀ ti ya. Ti dùùrù ló kù. Ẹni tó tà á fún mi ní ìwé náà àti ti fáólìn bára mu.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ́ tèmi. Ìyẹn ò le.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ jọ dán an wò ni wàhálà dé. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí, ohùn kọ ohùn. Mo tún okùn fáólìn mi fà, a tún bẹ̀rẹ̀, pàbó. Àǹtí gbọ́wọ́ kúrò lórí dùùrù.

“Àbúrò mi, ìwé wo lo gbé fún mi yìí?”

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ n wò ó.”

Ṣáàpù mẹ́ta, àmì tó ń gbé ohùn sókè ní ìdajì, ló wà níbẹ̀rẹ̀ ìlà tiwọn; fúláàtì méjì, èyí tó ń fà á wálẹ̀ ní ìdajì, ló wà ní tèmi. Ìpele ohùn tí wọ́n ń pè ní F sharp minor ni wọ́n ń tẹ̀, G minor ni mò ń ta. Ìdajì ohùn péré ló là wá, òun ló sì burú jù létí. Ìyẹn nìkan kọ́: ojú ewé òsì, wọ́n kọ Secondo (ẹnì kejì) sí i, ti ọ̀tún, Primo (ẹni àkọ́kọ́). Ẹni méjì tó jókòó sídìí dùùrù kan ni wọ́n ṣe ìwé náà fún! Bẹ́ẹ̀ sì ni Brahms ṣe kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1869.

Ẹni tó tà á ní òun kì í gbà padà. Òru méjì ni mo fi pẹ́ńsùlù pa ọwọ́ mẹ́rin pọ̀ di méjì, tí mo ń gbé gbogbo rẹ̀ sókè ní ìdajì ohùn. Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀gá mi wo ẹ̀dà mi tó ya: “Ti Joachim nìyí.” Joseph Joachim, ọ̀rẹ́ Brahms, ọmọ bíbí Húngárì, ló tún un tò fún fáólìn àti dùùrù. Brahms kú ní 1897, Joachim ní 1907, nítorí náà ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé lórí iṣẹ́ wọn ti tán, ọ̀fẹ́ ni ìwé wọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́! Inú bí mi débi pé n kò lè sùn.

Ẹ ka ṣáàpù àti fúláàtì kí ẹ tó sanwó. Ẹ béèrè orúkọ ẹni tó tún un tò.

Àárín orin náà tún dà wá láàmú díẹ̀, níbi tó ti ń fà tó sì tún ń sáré lójijì. Brahms rò pé orin ìbílẹ̀ ni, àṣé csárdás, orin ijó Húngárì, tí olórin kan, Béla Kéler, kọ ni. Ijó csárdás máa ń rọra bẹ̀rẹ̀ kó tó di eré. Mo ní kí Àǹtí máa wo ìgunpá mi bí omele ṣe ń tẹ̀ lé ìyáálù. Lọ́jọ́ náà, a jọ fà á, a jọ sáré, ohùn ìkẹyìn bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Orí mi wú.

Àǹtí ti ní kí n wá ẹnì kejì tí àwọn yóò jọ jókòó sídìí dùùrù, kí £23 yẹn má bàa ṣòfò.