Bí Ilé Ẹ̀kọ́ Ìjọba Ṣe Lè Bójú Tó Ìlera Ọmọ Nígbà Tí Kò Sí Nọ́ọ̀sì

Bí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tí ẹ ń darí ní Adó-Èkìtì tàbí Ìkéré kò bá ní nọ́ọ̀sì, ẹ má fi ọwọ́ lẹ́rán títí wọn yóò fi gbé ọ̀kan wá. Àwọn nọ́ọ̀sì tó wà nílẹ̀ kò tó ilé ìwòsàn pàápàá, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ti gba òkè òkun lọ. Ní oṣù kejì ọdún 2024, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà pàṣẹ pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ fún ọdún 2 lẹ́yìn tó gba ìwé àṣẹ kí àwọn tó jẹ́rìí sí i fún ilẹ̀ òkèèrè, ṣùgbọ́n àṣẹ yẹn kò sọ pé ilé ẹ̀kọ́ ni yóò ti ṣe é.

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ a máa sáré ra àpótí oògùn. Lójú tèmi, ìwé àkọsílẹ̀ ló yẹ kó ṣáájú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, ẹ béèrè lọ́wọ́ òbí kọ̀ọ̀kan bóyá ọmọ rẹ̀ ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ikọ́ fée tàbí wárápá, oògùn tó ń lò, àti oúnjẹ tí ara rẹ̀ kò gbà. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù méjì, kí ọ̀kan jẹ́ ti ẹni tó wà nítòsí ilé ẹ̀kọ́, nítorí ìyá tó ń pàtẹ ní Ọjà Ọba lè má gbọ́ ìpè. Òbí tí ọmọ rẹ̀ ní wárápá sábà máa ń fi í pamọ́ nítorí ìtìjú, nítorí náà, ẹ má ṣe béèrè é níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́. Ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ sì ti ìwé náà mọ́ inú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́. Olùkọ́ kíláàsì gbọ́dọ̀ mọ èyí tó kan ọmọ tirẹ̀: ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde kò gbọdọ̀ gé koríko nínú oòrùn tàbí kúnlẹ̀ nínú ọyẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kó máa mu omi dáadáa, kó sì máa jáde lọ tọ̀ nígbàkúùgbà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yan olùkọ́ méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, nítorí àwọn ọmọbìnrin kì í fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù fún ọkùnrin. Ẹ rán wọn lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà ní wọ́ọ̀dù yín kí wọ́n lọ kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì. Bí wárápá bá gbé ọmọ, kí wọ́n kó àga kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí wọ́n fi nǹkan rírọ̀ tì í lórí, kí wọ́n yí i sí ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n sì máa wo aago. Wọn kò gbọdọ̀ ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, bó bá sì kọjá ìṣẹ́jú 5, ilé ìwòsàn ló kàn. Ẹni tí imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ yóò tẹ orí síwájú, kì í ṣe sẹ́yìn, yóò sì fún ibi rírọ̀ imú rẹ̀ pọ̀ fún ìṣẹ́jú 10.

Nínú àpótí, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, báńdéèjì, ọṣẹ, ORS (iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi fún ẹni tó ń yàgbẹ́ gbuuru) àti páàdì ti tó. Ẹ má fún ọmọ ní oògùn ibà nítorí pé ara rẹ̀ gbóná, torí kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni ibà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn ná.

Ẹ bá awakọ̀ takisí kan tó wà nítòsí ṣe àdéhùn ṣáájú, nítorí ọmọ tó dákú kò ṣeé gbé sórí ọ̀kadà. Ẹ má sì rán ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá lọ sílé ní òun nìkan.

Gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ni kí ẹ kọ sílẹ̀: ọjọ́, kíláàsì, ohun tó ṣe ọmọ, àti ibi tí ẹ gbé e lọ. Ní ìparí sáà, ẹ fi àkọsílẹ̀ yìí mọ́ lẹ́tà tí ẹ ó fi béèrè nọ́ọ̀sì, láìkọ orúkọ ọmọ kankan; SUBEB, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ni kí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọ ọ́ sí, kí girama sì kọ ọ́ sí àjọ tó ń gba olùkọ́ wọn síṣẹ́. Bí wọn kò bá lè fún yín ní nọ́ọ̀sì tiyín, ẹ bá àwọn ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó wà ládùúgbò fọwọ́ sí lẹ́tà kan náà, kí ẹ béèrè ẹyọ kan tí yóò máa yí ká láàrin yín ní ọjọ́ tí gbogbo òbí mọ̀.